Ewé Akíntọ́lá Ò Lè Jẹ́rìí fún Yín

Àwa tí a dàgbà ní Ọ̀tà mọ ewé Akíntọ́lá dáadáa. Bí ọ̀bẹ bá gé màmá mi lọ́wọ́ nídìí ẹ̀fọ́, ẹ̀yìnkùlé la máa sá lọ. A já a, a gbo ó láàárín àtẹ́lẹwọ́, a fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Torí náà, mi ò sí lára àwọn tó ń fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. (Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé ọ̀hún ti wá o, àwa la fún un lórúkọ olóṣèlú.)

Ti iná ló yàtọ̀. Bí omi gbígbóná bá dà séèyàn lára nínú ilé tí a ń gbé ní Sango, yàrá kan á gbé ẹyin tútù wá, èkejì á mú kẹrosíìnì, ẹ̀kẹta á ní pásítì ìfọyín ló dáa jù. Omi lásán tó wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò ní rántí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn sójú ibi tó jó fún 20 ìṣẹ́jú ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹyin tútù lè kó kòkòrò àìsàn wọnú egbò.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike. Ike gbígbóná jó o lọ́wọ́. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó délé, ó fi ẹyin pa á, ó fi oyin pa á. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn mi, ó ti lé lọ́sẹ̀ márùn-ún, ìka méjì ò ká mọ́.

Mo ní, "Àbúrò, ta lo sọ fún níbi iṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi."

Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa fi tó ọ̀gá tàbí súpáfásọ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Kóńpìnì náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó tí wọ́n fi ń san gbà-máà-bínú yẹn, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù yín. Àmọ́ tí ẹ bá dákẹ́ kọjá ọjọ́ 14, ẹ̀tọ́ yín lè wọmi.

Ọ̀bẹ ìdáná gé yín díẹ̀? Ẹ wá ewé lọ. Tó bá jẹ́ máṣíìnì kóńpìnì ni, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí súpáfásọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi àti ọmọkùnrin yẹn ti kọ̀wé sí kóńpìnì rẹ̀ báyìí. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan.