Ìwẹ̀ Ní Kinosaki: Òfin Wo Ni Ó Yẹ Kí Á Gbà?

Awuyewuye tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé wa tí ó kọjá kò tíì tán nínú mi, ni mo ṣe bẹ olóòtú pé kí ó fún mi láàyè láti sọ tèmi. Ojúgbà wa kan, tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ nígbà tí ó rí sikọ́láṣíìpù ìjọba Japan gbà, kọ̀wé sí wa láti Osaka. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ lo ọjọ́ méjì ní Kinosaki nígbà òtútù. Ìlú kékeré ni Kinosaki, omi gbígbóná ń sun níbẹ̀ láti inú ilẹ̀. Irú ìsun bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Japan ń pè ní onsen. Ó ní kí á gba òun nímọ̀ràn, nítorí pé ní ìhòòhò goloto ni wọ́n ń wọ inú omi náà, àti nítorí pé òun kọ pélé.

Kíá ni ìpàdé pín sí méjì. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, ọmọ Yorùbá kì í bọ́ra sílẹ̀ lójú àjèjì. Àwọn yòókù ní kí ó lọ, pé ẹni tí ó bá ti sanwó kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣòfin fún òun. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ni ó ṣì í. Òfin kan wà tí ó ń béèrè ohun tí o ń ṣe, òmíràn sì wà tí ó ń béèrè ẹni tí o jẹ́. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa bínú níbi tí kò yẹ, yóò sì dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìhòòhò ṣáájú. Àwa tí a dàgbà sí Jos mọ ìsun Wikki tí ó wà ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Àwọn tí wọ́n ń lọ sílé nígbà ọlidé mọ ti Ìkògòsì-Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Pẹ̀lú aṣọ lára ni a ń wọ omi níbi méjèèjì, nítorí pé ìlúwẹ̀ẹ́ ni a bá lọ. Ti Japan kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọn kì í sì í fi ọṣẹ wẹ̀ nínú adágún náà. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò fi ọṣẹ wẹ̀ tónítóní, yóò ṣan gbogbo ara, kí ó tó rọra wọ inú omi lọ jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọkùnrin ń lọ sí tiwọn, àwọn obìnrin ń lọ sí tiwọn. Aṣọ ìnura pàápàá kì í kan omi. Àwọn mìíràn a máa ká a lé orí. Nítorí kí ni? Nítorí pé inú omi kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí, ìdọ̀tí ẹnì kan sì ti di ti gbogbo ilé. Kí ni ó burú nínú èyí? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí o bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Ojú lè tini, ṣùgbọ́n ìtìjú yàtọ̀ sí èèwọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama rí, tí ó ti bá ogójì ọmọ du omi pẹ̀lú garawa lọ́wọ́ ní aago márùn-ún òwúrọ̀, kí ó jọ̀wọ́ má sọ fún mi pé òun kò wẹ̀ lójú ẹlòmíràn rí.

Àwọn ará Kinosaki ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ omi wọn. Ìtàn wọn sọ pé àlùfáà ẹlẹ́sìn Buddha kan tí ń jẹ́ Dochi ni ó gbàdúrà fún 1,000 ọjọ́ kí omi náà tó sun, láti bí 1,300 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1925, ilẹ̀ mì, iná sì jó ìlú náà. Wọ́n tún un kọ́. Kò pẹ́ sí i, ní 1927, ilé ìgbàlejò kan fẹ́ ní adágún tirẹ̀ nínú ilé. Ìlú gbaná jẹ: wọ́n ní omi náà kì í ṣe ti ẹnì kan, àti pé bí onílé kọ̀ọ̀kan bá ń ti àlejò tirẹ̀ mọ́lé, ilé ìwẹ̀ ìlú yóò dá páropáro. Ẹjọ́ yìí fà títí di 1950 kí wọ́n tó parí rẹ̀: àwọn ilé ìgbàlejò lè ní adágún, ṣùgbọ́n kékeré ni yóò jẹ́, ti ìlú ni yóò máa ṣe àgbà. Títí di òní, ilé ìwẹ̀ ìlú méje ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn sí ilé ìgbàlejò kan yóò gba ìwé tí yóò fi wọ méjèèje lọ́fẹ̀ẹ́, yóò wọ aṣọ òwú tí wọ́n ń pè ní yukata àti bàtà onígi, yóò sì máa rìn láti ilé ìwẹ̀ kan dé òmíràn lẹ́bàá odò lóru. Wọ́n ní ilé ìgbàlejò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú: ibùdókọ̀ rélùwéè ni ẹnu ọ̀nà, títì sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, tí ó tún ń sọ pé owó òun ni òun fi wẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n òfin kejì ńkọ́? Ní Otaru, ní erékùṣù Hokkaido, ilé ìwẹ̀ kan gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà pé àjèjì kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí pé àwọn atukọ̀ Rọ́ṣíà kan ti hùwà tí kò dára níbẹ̀. Wọ́n lé ọkùnrin kan tí a bí sí Amẹ́ríkà padà, àní lẹ́yìn tí ó ti di ọmọ onílùú Japan lábẹ́ òfin. Òun àti àwọn méjì mìíràn pẹjọ́, ilé ẹjọ́ Sapporo sì dá a ní ọdún 2002 pé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, ó sì ní kí ilé ìwẹ̀ náà san mílíọ̀nù 3 yen fún wọn. Àwọn atukọ̀ ṣẹ̀ lóòótọ́. Ojú àti awọ ara ni wọ́n wá fi dá ẹni tí kò ṣẹ̀ lẹ́jọ́. Èmi tí a bí sí Jos, tí baba mi náà dàgbà síbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé irú òfin yẹn fún mi.

Ọ̀rọ̀ pélé wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ní Japan kì í gba ẹni tí ó fín ara, nítorí pé fínfín ni àmì àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní yakuza. Ní 2013, wọ́n kọ obìnrin Māori kan láti New Zealand ní Hokkaido nítorí fínfín ojú rẹ̀, tí ó jẹ́ àṣà àwọn baba ńlá rẹ̀. Ilà kì í ṣe fínfín. N kò sì rò pé pélé kéékèèké yóò dá ìjà sílẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí ènìyàn máa kọ́ ẹlòmíràn ní àṣà Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà nínú yìnyín. Àwọn ilé ìwẹ̀ méjèèje ní Kinosaki kì í lé ẹni tí ó fín ara padà, nítorí náà ibi tí ojúgbà wa yàn dára. Bí ó bá fẹ́ lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn èyí, kí ó kọ̀wé béèrè kí ó tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ̀, àwọn ilé ìgbàlejò kan wà tí wọ́n ń yá ènìyàn ní adágún àdáni, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé owó mi fún wọn.

Ẹnì kan ní ìpàdé ní kí ó kúkú lọ sí Ginzan, nítorí àwòrán rẹ̀ tí ó lẹ́wà nínú yìnyín. Èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí dín àwọn tí kò sùn síbẹ̀ kù ní ìrọ̀lẹ́, láti ìgbà òtútù 2024 sí 2025. Gbogbo ènìyàn ni òfin yẹn mú, n kò bá wọn jà.

Rélùwéè láti Osaka kò tó wákàtí mẹ́ta. Àkókò akàn ni ìgbà òtútù ní Kinosaki, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, yàrá sì máa ń wọ́n gan-an. Kí ó tètè gba tirẹ̀. Kí ó wo ọjọ́ tí ilé ìwẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń tì lọ́sẹ̀, nítorí pé wọn kì í tì lọ́jọ́ kan náà. Kí ó má sì jókòó pẹ́ nínú omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbóná ju èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé kaná lọ.