Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Owó Orí Yín Lé Ẹlòmíì Lọ́wọ́ Pátápátá

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sọ pé, "Èmi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n fún ẹnì kan lówó kó bá mi ṣe owó orí mi." Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kó owó fún ọkùnrin kan: owó iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó orí lọ́tọ̀. Ó ń fún mi ní rìsíìtì. Ìgbà tí mo fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, báǹkì ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Mo dé ọ́fíìsì owó orí, wọ́n wá orúkọ mi títí, wọn ò rí kọ́bọ̀ tí mo san. Ayédèrú ni gbogbo rìsíìtì ọwọ́ mi. Owó tí mo fẹ́ yá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì tún owó orí san.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kékeré máa ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bà wá.

Ẹ wo òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, a ò ní san nǹkan kan lórí ẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni. Èrè ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ tà.

Ká ní ẹ ta àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún. Irúgbìn, ajílẹ̀, oògùn koríko, owó lébìrà àti owó mọ́tò gba ₦1,500,000. Èrè yín jẹ́ ₦900,000. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦100,000. Owó orí yín jẹ́ ₦15,000. Ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é lè gba ₦40,000. Ṣé ẹ rí i báyìí?

Iṣẹ́ gidi tó wà níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ tà àti ohun tí ẹ ná lójoojúmọ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹ ò bá lè kọ ọ́, ọmọ yín tó wà nílé ìwé lè bá yín kọ ọ́ lálaalẹ́. Akántáǹtì ò mọ iye àpò ajílẹ̀ tí ẹ rà. Bí ẹ ò bá ní àkọsílẹ̀, òun náà á kàn méfò ni, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó ìméfò yẹn.

Mi ò sọ pé akántáǹtì ò wúlò o. Bí ẹ bá ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ ní òṣìṣẹ́ tí ẹ ń yọ owó orí wọn, tàbí tí ọ́fíìsì owó orí kọ lẹ́tà sí yín pé owó tí ẹ san kò pé, ẹ sanwó fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni yòówù kó bá yín ṣe é, ẹ di èyí mú: owó iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fún un. Owó orí, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí báǹkì, kẹ́ ẹ san án sínú àkáǹtì ìjọba ìpínlẹ̀ yín, kí orúkọ yín wà lára rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi ọ́fíìsì owó orí bóyá ó ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta kọjá kí ẹ tó kó ìwé ọdún tó kọjá lọ, nítorí owó ìtanràn wà fẹ́ni tó bá pẹ́.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń ṣe tiyín?