Ẹ Yé Há Àròkọ Sórí Nítorí IELTS

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò IELTS láti ròkè òkun sọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ lẹ́sìn kan ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kó àròkọ fún wọn pé kí wọ́n há a sórí. Ẹ̀tàn gbáà ni! Ẹni tó ń máàkì mọ àkọ́sórí, ó sì ń gé máàkì nítorí rẹ̀.

Lójú tèmi, aago ló ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń kọ ní wákàtí kan: ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní 150 ọ̀rọ̀, èkejì kò gbọdọ̀ dín ní 250. Ti gbígbọ́ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Bó bá kọjá, ó kọjá nìyẹn. Ẹ gbé aago síwájú nílé, kí ẹ máa fi dánra wò.

Bó bá wá kan ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ gbàgbé "yẹ́ẹ̀sì sà, nóò sà" tí a fi tọ́ yín. Ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ ṣàlàyé.

Ọdún 2 péré ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò o, ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ kó má kánjú sanwó. Àbí ọbẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ni, tí yóò fi kan?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan,
Ìbàdàn.