Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́ Là Ń Bẹ̀rù

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, mélòó-mélòó ni láàárín onígbàgbọ́ àti Ọlọ́run rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àdúrà wa ní Ofè àti ní gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, yálà lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì tàbí Sẹ̀lẹ́: àwa gan-an la máa ń rán Ọlọ́run níṣẹ́. A ní kó rọ òjò sí oko iṣu. A ní kó jẹ́ kí kajú lówó lórí lọ́dún yìí, kó sì ṣọ́ ọmọ wa tó lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a bá ti ka ìbéèrè wa tán, a ó ṣe àmín, a ó sì dìde. A kì í dúró gbọ́ iṣẹ́ tí Òun náà fẹ́ rán wa. N kò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú: àdúrà tí onígbàgbọ́ nílò jù lọ ni kí Ọlọ́run fún un ní ọkàn tí yóò ṣe ìfẹ́ Rẹ̀, pàápàá níbi tí ìfẹ́ náà bá ti kọjú ìjà sí ìfẹ́ inú tirẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni ìgbọràn wà, kí ló dé tí mo tún ń gbàdúrà lé e? Kí onítọ̀hún lọ wo Jésù nínú ọgbà Gẹtisémánì. Ó ti mọ ohun tí Baba fẹ́ kó tó kúnlẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sọ ohun tó ń fẹ́ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, kò fi pa mọ́, lẹ́yìn náà ló gbé e sílẹ̀ fún ìfẹ́ Baba. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ní láti tọrọ agbára kó tó lè gbọ́ràn, ta ni àwa tí a rò pé orí kunkun wa yóò tẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀bẹ̀? Mímọ ohun tó tọ́ kì í ṣòro fún wa bí ṣíṣe é.

Àwọn mìíràn ní ìgbọràn ti jọ ti ẹrú jù, pé ọmọlúàbí kì í kàn máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Òwe ti dá wọn lóhùn: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú ń wo ẹgba, ọmọ ń wo ọkàn baba rẹ̀. Sọ́ọ̀lù ọba Ísírẹ́lì gba iṣẹ́ lórí Ámálékì, ó jẹ́ apá kan, ó dá àwọn àgùntàn tó sanra sí, ó sì ní òun fẹ́ fi wọ́n rúbọ sí Olúwa. Sámúẹ́lì kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹbọ tí a fi ohun tí Ọlọ́run ní ká má mú rú, ìwà ọlọ̀tẹ̀ ni. Irú Sọ́ọ̀lù kò tíì tán láàárín wa: ẹni tó san ìdámẹ́wàá pé, tó sì jẹ alágbàṣe rẹ̀ lówó.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ẹ jẹ́ ká fi òwe yìí wo ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ní April ọdún 1996, Mathieu Kérékou padà sórí àléfà ààrẹ nípa ìdìbò, lẹ́yìn tó ti di onígbàgbọ́ àtúnbí. Ìwé òfin ọdún 1990 ní kí ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè àti àwọn ará ìlú. Kérékou fo ti àwọn baba ńlá. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ní ìbúra náà kò pé, Kérékou sì tún búra ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà. N kò bá a wí nítorí ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà sí ìgbọràn tó wúwo jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ 28 oṣù February ọdún 1990. Àpérò orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Kútọ́nù ti pinnu pé agbára gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti ń dá a lò láti ọdún 1972. Kérékou ní ológun lẹ́yìn, ó lè kọ̀. Ó gbà. Nígbà tí Nicéphore Soglo sì borí rẹ̀ nínú ìdìbò lọ́dún 1991, ó gbé àléfà sílẹ̀. Fífo ọ̀rọ̀ kan nínú ìbúra, ẹnu ló ṣe é. Gbígbé agbára sílẹ̀, ọwọ́ ló ṣe é.

Ẹni tó darí àpérò náà ni Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì. Òun náà ló ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó mú ìlú la ìgbà ìyípadà náà kọjá títí di ọdún 1993. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu tèwe tàgbà, síbẹ̀ kò du ipò ààrẹ. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an tán, ó padà sídìí agbo rẹ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà ìgbọràn gbọdọ̀ tọrọ èyí pẹ̀lú: oore-ọ̀fẹ́ láti dúró níbi tí iṣẹ́ bá parí sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní ilẹ̀ wa, àlejò lè gba ilẹ̀ dáko iṣu tàbí àgbàdo, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà jẹ́ kó gbin igi, nítorí ẹni tó gbin kajú ti ń sún mọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Láti ìgbà tí kajú ti di owó ni ọ̀rọ̀ ààlà ti ń le sí i. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 wà, Bíbélì sì ti bú ẹni tó bá yẹ ààlà aládùúgbò rẹ̀ tipẹ́. Kí ni onígbàgbọ́ tó mọ ibi tí àgbà méjì fi ààlà sí tún ń gba ààwẹ̀ lé? Kí ni ẹni tí àlejò bá ṣán igbó rẹ̀, tó wá fẹ́ lé e kúrò nígbà tí oko dára, ń dúró de ìran fún? Ìfẹ́ Ọlọ́run ti yé e. Ọkàn tí yóò ṣe é ni kó tọrọ.

Ìkìlọ̀ kan kù. Àwọn kan ń fi orúkọ Ọlọ́run rán ni níṣẹ́ tara wọn: wòlíì tó ní kí ìyàwó kọ ọkọ rẹ̀, olórí ìjọ tó ní kí òtòṣì ta ilẹ̀ rẹ̀ kó kówó wá. Àdúrà ìgbọràn kò sọ wá di ẹran ọ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bẹ̀rù Ẹni tó rán an kì í gbọ̀n níwájú ayédèrú ìránṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá lòdì sí òdodo àti àánú, kò ti ọ̀dọ̀ Jésù wá, bó ti wù kí ẹni tó mú un wá wọ aṣọ funfun tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ tó ka ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ dárúkọ ohun kan tí ẹ mọ̀ pé Ó fẹ́ kí ẹ ṣe, tí ẹ sì ń sá fún: gbèsè tí ẹ kò san, ìbátan tí ẹ kò kí mọ́, ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Ẹ tọrọ agbára rẹ̀ tọkàntọkàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ lọ ṣe é.