Oògùn Tí A Fi Pamọ́ fún Oníṣègùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ nípàdé, nítorí ojú ń ti olúkúlùkù láti dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn HIV ni.

Orúkọ tí a fi ń pe àìsàn náà ti di irọ́. Àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó sì ti ń gbóògùn láti ọdún 1996 tí àwọn oníṣègùn ti ń pa oògùn mẹ́ta pọ̀ láti fi tẹ kòkòrò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí, hóró kan ṣoṣo lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir ni ó wà nínú rẹ̀. Kò lé kòkòrò náà jáde tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé lè darúgbó.

Ìfipamọ́ ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ẹlòmíràn a máa lọ gba oògùn rẹ̀ ní ìlú kejì, kí ará ilé má baà rí i. Bí àyà bá ń ta á, a yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì àdúgbò, kò sì ní sọ ohun tí ó ti lò láàárọ̀. Báwo ni olóògùn yóò ṣe mọ̀?

Oògùn àyà títa, irú èyí funfun inú ìgò tí a ń gbọ̀n kí a tó mu, tàbí èyí tí a ń rún lẹ́nu, magnesium tàbí aluminium ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa so mọ́ dolutegravir nínú ikùn, ara kò sì ní rí i fà mu. Onítọ̀hún rò pé òun lo oògùn. Asán ni ó gbé mì. Kí a lo hóró HIV ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ará wa, ẹ fiyè sí èyí nígbà ààwẹ̀. Ẹni tí kósáì gbígbóná máa ń ta láyà nígbà ìṣínu, kí ó fi hóró HIV sí àkókò sààrì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún rọrùn díẹ̀: bí a bá lo méjèèjì pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kò burú.

Ti ikọ́ ife le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rifampicin tí a fi ń wò ó a máa mú kí ara tú dolutegravir ká kíákíá, nítorí náà dókítà a fi hóró dolutegravir kan kún un lójúmọ́. Ní ti metformin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò, òun ni ó máa ń pọ̀ jù lára, dókítà a sì lè dín in kù. Ta ni yóò ṣe ìṣirò yìí fún ẹni tí ó pa ẹnu mọ́?

A kò bú àgbo. Ilé ni a ti bá a. Ṣùgbọ́n tenofovir lè ni kídìnrín lára, ẹni tí ó bá sì ń da àgbo tí kò mọ ohun inú rẹ̀ lé e lórí ń ta tẹ́tẹ́. Bí oorun kò bá wá lóru, kí a máa lo hóró náà láàárọ̀. Kí a má ṣe dá a dúró láìbi dókítà.

Àwọn ẹlẹ́nu tí ń ka oògùn lọ́wọ́ ọmọlàkejì ni ó ń lé ènìyàn sínú ìfipamọ́ yìí, a sì fẹ́ kí alága bá wọn wí ní gbangba. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn máa pe oníbàárà sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n bi í pé, "Kí ni ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀?", kí wọ́n sì pa ìdáhùn rẹ̀ mọ́ sínú.