Ìjì Òkun Nìkan Kò Pa Ìwà Dà: Ìtàn John Newton àti Ọ̀rọ̀ Ìrònúpìwàdà

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni pé ìyà ni ó máa ń mú ènìyàn ronú pìwà dà. Bí àìsàn bá dá ẹnì kan wó, tàbí tí òwò rẹ̀ fọ́, tí ó sì ké pe Ọlọ́run nínú ìpọ́njú, wọn a ní olúwa rẹ̀ ti yí padà. Òótọ́ wà nínú èrò yìí, nítorí kì í rọrùn fún ẹni tí ó yó láti rántí pé òun lè ṣubú. Ọmọ onínàákúnàá inú Ìwé Lúùkù kò rántí ilé baba rẹ̀ títí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Bí a bá tú “ìrònúpìwàdà” palẹ̀, ríro inú wà níbẹ̀, pípa ìwà dà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ro inú nígbà ìyà, tí ìwà rẹ̀ kò yí nígbà tí ara tù ú, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ìtàn ayé John Newton, ọmọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí a bí ní ọdún 1725, fi èyí hàn ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti di ìránṣẹ́ oníṣòwò ẹrú kan ní erékùṣù Plantain, létí òkun Sàró. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti rí màbo. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi ebi pa á. Newton fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn ẹrú tí ó wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún òun, láti inú ìwọ̀nba tí kò tó àwọn alára jẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1748, nígbà tí ó ń padà sílé nínú ọkọ̀ Greyhound, ìjì líle dé bá wọn lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì fọ́ ara ọkọ̀, omi ya wọlé, wọ́n ń gbọ́n ọn dànù, wọ́n ń fi aṣọ àti pákó dí ojú ihò. Newton, tí ó ti máa ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín, bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìjì náà lọ́dọọdún.

Ibí yìí ni àwọn oníwàásù sábà máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láàrin ọdún 1750 sí 1754, ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú ni Newton. Ó ń ka Bíbélì, ó ń darí àdúrà fún àwọn atukọ̀ rẹ̀, nígbà tí irú àwọn ènìyàn tí ó fi oúnjẹ gbà á là wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ nísàlẹ̀ ibi tí ó kúnlẹ̀ sí. Àìsàn òjijì ni ó mú un fi òkun sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Ó di àlùfáà ní Olney ní ọdún 1764. Nígbà tí ó ṣe orin Amazing Grace fún ìsìn ọdún tuntun 1773, ìwé tí yóò fi bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú kò tíì sí.

Ọdún 1788 ni ìwé náà tó jáde, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn ìjì. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn sí inú ọkọ̀ bí ẹni to ìwé sórí pẹpẹ, ó jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀, ó sì gbà pé ìjẹ́wọ́ náà ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Nínú ìjì, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń sunkún fún. Nínú ìwé yìí, ìyà ẹlòmíràn ni ó ń dùn ún. Ìwà dà wàyí.

Àwọn kan lè sọ pé ìdájọ́ yìí le jù, pé Ọlọ́run ti gbà á láti ọjọ́ ìjì. Kò sí ẹni tí ó lè wọn oore-ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, Newton alára kọ ọ́ pé ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìjì náà kí òun tó di onígbàgbọ́ ní kíkún. Ìrètí tí ó wà nínú ogójì ọdún yìí sì jinlẹ̀ ju ti ìjì lọ: àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣì lè la ẹnu rẹ̀ kí ó sì tako ohun tí ó fi jẹun nígbà èwe.

Ti àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni ìyà náà ń wẹ̀ ti di ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọmọdé ni Àjàyí Crowther nígbà tí a kó o ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró, ilẹ̀ tí Newton ti jìyà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó pe ọjọ́ tí a kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ti kọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Kò pe ìyà náà ní ẹ̀tọ́ òun. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25, ìyá náà sì wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà ní ọdún 1848.