Ẹ Gbé Ike Oògùn Yẹn Sílẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sin ẹja omi iyọ̀ nínú pálọ̀, ẹ dákun, ẹ gbé ike oògùn yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ẹ ra àpótí gíláàsì, ẹ ra iyọ̀, ẹ ra iná, ẹ ra òkúta, kò sì pẹ́ tí ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bí ilá fi hù bò ó bí irùngbọ̀n. Algae ni wọ́n ń pè é. Àlejò wọlé, ojú tì yín. Ẹni tó ta ẹja fún yín wá sọ pé oògùn kan wà, ìdérí kan péré, ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á pòórá.

Òótọ́ ló sọ. Á pòórá. Ibi tó pòórá sí ni kò sọ.

Ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ ló ń mú algae hù, àwa la sì ń fún un ní méjèèjì. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán ń jẹrà nísàlẹ̀, ìgbẹ́ ẹja náà wà níbẹ̀. Àwọn alààyè tíntìntín tó wà lára òkúta á sọ ìdọ̀tí yìí di nitrate, phosphate á sì tú jáde látinú oúnjẹ. Ajílẹ̀ gan-an nìyẹn, bí èyí tí àgbẹ̀ ń wọ́n sídìí àgbàdo. Bí oògùn bá pa algae lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkú rẹ̀ á jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, ajílẹ̀ tó ti jẹ á sì padà sínú omi. Àsè tuntun lẹ sè fún algae tó ń bọ̀. Èyí tó burú jù ni oògùn tó ní bàbà nínú, irú èyí tó wà nínú wáyà iná. Ó ń pa ìgbín òkun àti edé, àwọn tó ń bá wa jẹ algae, ó sì ń wọnú òkúta àti yanrìn, kì í tètè kúrò. (Àwọn kan tiẹ̀ ń kó òkúta jáde, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n fọ àwọn alààyè tó ń tún omi ṣe dànù nìyẹn.)

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ajẹko kéré, kó wo òkun Karibíánì. Láàrin ọdún 1983 sí 1984, àìsàn kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran omi ẹlẹ́gùn-ún dúdú kan tó ń jẹ algae, Diadema antillarum. Ní Jàmáíkà, níbi tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ ẹja ajẹko tán tẹ́lẹ̀, algae bo iyùn inú òkun mọ́lẹ̀.

Bàbá mi ní ebi ò gbọdọ̀ pa ohun tí àwọn ń sìn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí ebi pa á? Àbúrò mi ń bu oúnjẹ ní ẹ̀kúnwọ́ torí pé ẹja ń sáré wá sókè. Ẹja kì í sọ pé òun ti yó! Ohun tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ló tó wọn. Iná àpótí kì í ṣe iná pálọ̀ tí a óò tàn títí di òru. Wákàtí mẹ́jọ tó. Kí a pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ́ omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga lásán, tó lè ti ní ajílẹ̀ nínú, bí kò ṣe omi tí a sẹ́ dáadáa, kí a tó fi nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ òkun sí lítà kan.

Ẹ ó ní èyí pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú òkun ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ẹja omi iyọ̀ tí à ń rà. Wọn ò bẹ̀ wá pé ká gbé wọn wá sí pálọ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n lè sá gbà tí a bá da oògùn lé wọn lórí.

Bàbá mi ti fún mi ní oṣù kan. Ní gbogbo Sátidé, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ha òkúta, mo ń fọwọ́ tu èyí tó gùn. Ó ti ń dínkù, kò tíì tán. Bí oṣù bá pé tí kò tán, wọ́n ní àwọn á ṣí ike náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.